Ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá tó tẹ ìwé ìpolongo wa lórí òfin àti ẹ̀tọ́ obìnrin

Bí ẹ bá ní ìwé ìpolongo tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ní Ìbàdàn, pàápàá tó bá jẹ́ Yorùbá tó ní àmì ohùn, tí nọ́ńbà òfin sì kún inú rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Mọ́kọ́lá tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n má kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun síbí, torí pé ọ̀rọ̀ òfin àti ìṣèlú ló wà nínú iṣẹ́ tí a gbé fún un, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ń ṣe ẹgbẹ́ kankan. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò ṣòro láti dé. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ àfárá Mọ́kọ́lá, ẹ kọjú sí ọ̀nà Sábó, kí ẹ máa fetí sí ìró ẹ̀rọ. Ilé tí wọ́n máa ń to àpò bébà gígé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ẹ béèrè ọ̀gá aláwò.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Àwọn ìyálọ́jà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, àti àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí à ń wá ni pé kí wọ́n tún àwọn ibi kan kọ nínú òfin ilẹ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ka ẹ̀tọ́ obìnrin sí ohun tí kò tó ti ọkùnrin. Iṣẹ́ tí a gbé lọ sí Mọ́kọ́lá ni ìwé ìléwọ́ A5 olójú méjì, ẹgbẹ̀rún méjì, pẹ̀lú 32 mìíràn tí a fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tó nípọn fún àwọn aṣòfin 32 tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́ ní Sẹkitéríàtì. A tún ṣe bánà kan, àti sítíkà fún kẹ̀kẹ́ Maruwa.

Abala 26 nínú ìwé òfin 1999 ló gbé mi dìde ní tèmi. Ó sọ pé obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀, kó búra, kó sì di ọmọ Nàìjíríà. Ọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin sì fẹ́ ará Kamẹrúùnù. Àkóbọ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń tún fìríìjì ṣe, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kódà ó máa ń bá mi jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí gbẹ̀gìrì ki tó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípasẹ̀ ìyá wọn, Abala 25 ti fi ìyẹn lélẹ̀. Bàbá wọn ni àjèjì nínú ilé ara rẹ̀, tí yóò máa tún ìwé ìgbélùú ṣe, tí yóò máa sanwó lé e. Tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú, Abala 27 ló kù fún un, èyí tó ń béèrè pé kí ènìyàn ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15 kó tó kọ̀wé béèrè. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wá láti Kútọnu, kò sẹ́ni tó béèrè ọdún 15 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin Nàìjíríà ló fẹ́ ẹ, ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Mo fẹ́ràn ìyàwó yẹn, inú mi sì dùn pé wọ́n gbà á. Ohun tí mo ń béèrè ni kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àna mi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń yan ilé ìtẹ̀wé. Ẹni tó ń bẹ aṣòfin pé kó yí òfin padà kò gbọdọ̀ gbé ìwé tó ní àṣìṣe dé iwájú rẹ̀. Tí 26 bá di 36, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, wọn á ní a ò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì orí Yorùbá. Ibì kan wà tí a ti tẹ irú ìwé yìí rí, gbogbo ẹ àti ọ tó ní àmì lórí ló di àpótí kékeré òfìfo, wọ́n sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n ní Yorùbá tí a kọ náà ló fà á.

Ní Mọ́kọ́lá, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ wa sínú fọ́ńtì tó ní gbogbo àmì, ó sì sọ ọ́ di PDF lójú mi kí ohunkóhun má baà já bọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Ó tẹ prúùfù kan jáde, ìyẹn ẹ̀dà tí a máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá yọ rúlà irin nínú dúrọ́ọ̀, ó gbé e sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá, ẹ máa kà á láti inú ìwé òfin yín, èmi á máa wo èyí tí a tẹ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Tí mo bá ti ka nọ́ńbà, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á ní "Ó ṣe régí," á sì fa rúlà wálẹ̀. Níbi tí àmì ìsàlẹ̀ ọ kan ti fẹ́ẹ́ parẹ́, ó fi báírò pupa yí i po. Ojú ìwé méjì péré ni, síbẹ̀ ó gba ọ̀sán wa, àwọn oníbàárà ń wọlé, ń jáde, kò sì kánjú. Nígbà tí a parí, ó ní kí n kọ orúkọ mi àti déètì sísàlẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn: bí oníbàárà kò bá tíì fọwọ́ sí prúùfù, ẹ̀rọ kò ní yí.

Ìlà tó kan Abala 29 la dé tí ọmọbìnrin náà fi dá wa dúró. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé báyìí ni wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́?" Mo na ìwé òfin sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i. Abala 29 ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ti dàgbà tó láti ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wá ní obìnrin yòówù tó bá ti wà nílé ọkọ, àgbà la ó kà á sí. Kò dárúkọ ọjọ́ orí kankan fún tirẹ̀. Ní oṣù keje 2013, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábújá dìbò láti yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ìbò náà sì wọlé. Sẹ́nétọ̀ Ahmed Sani Yerima dìde, ó ní yíyọ rẹ̀ lòdì sí ẹ̀sìn Islam, wọ́n tún ìbò dì, kò sì pé 73 tí wọ́n nílò nínú 109 mọ́. Gbólóhùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà kà á tán, ó ní, "Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 14 ni." Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì sọ lẹ́tà ibẹ̀ di dúdú dáadáa kó lè hàn. A ò rán an níṣẹ́ yẹn. A fi í sílẹ̀ bó ṣe ṣe é.

Ọ̀gá náà mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kàwé lọ́jà. Ó ní lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré sí 12, ìyá tó ń ta ata kò ní kà á, ọ̀rọ̀ wa sì ti pọ̀ jù fún ìwé kékeré. A yọ ti òfin iṣẹ́, níbi tí Abala 55 ti ní kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ àti oko, yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì àti àwọn tó wà ní ipò ọ̀gá. Ti ọlọ́pàá obìnrin tó lóyún láì tíì lọ́kọ, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékìtì ní 2021, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, a fi sílẹ̀ fún ìwé mìíràn. Ó fẹ́ kí a yọ ti Criminal Code, òfin tó wà lórí ìwà ọ̀daràn, náà, mo ní kò ṣeé ṣe. Abala 353 ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ìbàjẹ́ kan ọkùnrin yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Abala 360 ní ọdún 2 ni ti ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ sí obìnrin tàbí ọmọdébìnrin. Mo bi í pé ọmọbìnrin mélòó ló bí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mẹ́ta. Ó yọ ìlà òdòdó tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ yí ìwé ká, àyè sì gba abala méjèèjì, ọ̀kan lókè, ìkejì nísàlẹ̀ rẹ̀, láìsí àlàyé kankan láàrin wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ máa ń dúró tí wọ́n bá ń kà á.

Ọkùnrin kan wá gba káàdì ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wo prúùfù wa lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé èyí tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba náà lẹ gbé dé yìí?" Mo ṣàlàyé fún un, torí wọ́n ti bi wá bẹ́ẹ̀ rí. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní For Women Scotland ló pe ìjọba Scotland lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2025, adájọ́ márùn-ún ní ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù fẹnu kò pé nínú Equality Act 2010, ẹni tí a bí ní obìnrin ni òfin náà ń pè ní obìnrin, àti pé ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn gbà lábẹ́ Gender Recognition Act 2004 kò yí ìyẹn padà nínú òfin ọ̀hún. Wọ́n tún ní òfin kan náà ṣì ń dáàbò bo àwọn tó kúrò ní akọ sí abo tàbí abo sí akọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú àwọn kan dùn sí ìdájọ́ náà, ó sì dun àwọn mìíràn wọra. Ìjà tiwọn dá lórí ẹni tí òfin tó ti wà nílẹ̀ yóò dáàbò bò. Tiwa, òfin fúnra rẹ̀ ló ti yọ ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó ti yé òun, ó sì gba ẹ̀dà kan lọ nígbà tó padà wá. Ọ̀gá ló wá dá a lábàá pé kí a kọ nọ́ńbà àwọn abala tí à ń béèrè fún sí ìsàlẹ̀ ojú kìíní, kí á sì kọ ọ́ pé òun nìkan la gbé wá. Mo dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn yẹn gan-an. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀ wá lẹ́nu.

Ojú kejì ni a kọ ibi tí nǹkan dé sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Ábújá da àwọn àbá tó kan obìnrin nù: ti ọkọ tó jẹ́ àjèjì, ti àyè ìjókòó fún àwọn obìnrin nínú ilé aṣòfin, ti ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àkóso ẹgbẹ́ òṣèlú, ti obìnrin tó fẹ́ di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu géètì wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù náà, ilé aṣojú-ṣòfin ní àwọn yóò tún mẹ́ta wò nínú wọn. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àbá 16 ní oṣù kẹta 2023, kò sí èyíkéyìí nínú tiwa níbẹ̀. Láti tún Abala 26 kọ, ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ìyẹn la fi ní kí ti àwọn aṣòfin Ọ̀yọ́ wà lórí bébà tó nípọn.

A fi ibi tí ilé ẹjọ́ ti gbè wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dókítà Priye Iyalla-Amadi pe àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de lẹ́jọ́ ní Port Harcourt torí wọ́n ní kí obìnrin tó wà nílé ọkọ mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda ọkọ wá kó tó gba pásípọ́ọ̀tù. Ní 2009, adájọ́ ní kò bófin mu. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá Gladys Ukeje láre pé àṣà tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako òfin ilẹ̀ wa.

A tún fẹ́ fi fọ́tò àwọn ìyá wa nílùú yìí síbẹ̀: Alhaja Humuani Alaga, tó kó àwọn ìyá oníṣòwò aṣọ sòdí ní 1938, àti Olóyè Wuraola Esan, tó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lété ní 1944, tó di sẹ́nétọ̀, tó sì jẹ Ìyálóde Ìbàdàn. Fọ́tò tí a rí kò mọ́lẹ̀. Ọ̀gá gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó fẹ̀ ẹ́, ó ní, "Màmá, tí mo bá tẹ èyí, ẹ ò ní mọ ojú àwọn ìyá yìí mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà ńlá." Owó fọ́tò ì bá wọlé fún un, kò sì gbà á. Orúkọ ló wà níbẹ̀ báyìí, ó sì dáa.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kord ni wọ́n ń lò, dúdú nìkan la sì tẹ̀ kí owó má baà pọ̀. Bébà 80 gírámù tí wọ́n rà ní Agbẹ́ni ni, wọ́n sì fi réèmù hàn mí kí wọ́n tó tú u. Yíǹkì rẹ̀ dọ́gba láti èyí tó wà lókè títí dé ìsàlẹ̀, gígé rẹ̀ gún. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà. Ọwọ́ àwọn tó ń ta ata àti tòmátì kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba ìwé náà. Mo wo èyí tí ìyá kan fi ọwọ́ tútù dì mú, omi wọ bébà, lẹ́tà kò ṣí. Ó ká a sí mẹ́rin, ó ki í sínú pọ́ọ̀sì tó so mọ́ ìdí, ó sì tún fà á yọ lẹ́yìn ìgbà tó tajà fún ẹnì kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù wà ló fi ìka lé. "Ìyá mi, ṣé lẹ́tà tí mo fi ọdún kan gbáko bẹ ọkọ mi fún nìyí?" Mo ní òun ni. Ó pe ẹni tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kà á sí i létí sókè, ọ̀rọ̀ sì tàn débi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ká ní lẹ́tà yẹn ti di àpótí òfìfo ni, kí la fẹ́ kà?

Wọ́n ní àléébù. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún wa, ọjọ́ Sátidé la tó rí i gbà, ọ̀gá kò sì gbé fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní iná ló dá iṣẹ́ dúró. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ènìyàn, torí a ti kó àwọn tí yóò pín in jọ. Kò sí ìjókòó tó dáa fún àgbàlagbà, bẹ́ǹṣì kan ló wà, páálí ìwé ló sì wà lórí rẹ̀. Bánà wọn kì í ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbé e fún ẹlòmíràn, àwọ̀ àlùkò tí a yàn sì padà wá ní búlúù. Wọ́n dá ìdajì owó bánà padà láìjẹ́ pé mo pariwo.

₦68,000 ni ìwé ìléwọ́ ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n fi 32 ti àwọn aṣòfin kún un ní ₦6,000. Bánà jẹ́ ₦10,000 kí wọ́n tó dá ìdajì rẹ̀ padà. Mo rí ibi tó dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Òkè-Àdó, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ń fi rúlà ka òfin pẹ̀lú oníbàárà.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín lọ nínú flash pẹ̀lú ẹ̀dà tí ẹ tẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì mú ìwé òfin tí ẹ ti fa nọ́ńbà yọ lọ́wọ́, torí wọ́n máa béèrè rẹ̀. Owó àsansílẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n ń gbà. Ẹ fi ọjọ́ méjì lé ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Ti bánà, ẹ wá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ti sítíkà, ẹ má gbé e fún wọn rárá: gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dúró lára kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn òjò kan.